Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Wá

Bàbá mi,

Ẹ kú ooru Bódìjà. Mo ti bá yín wádìí àwọn Hélénì tí ẹ máa ń kà nípa wọn fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Gíríìkì tí mò ń bá gbé ní Áténì níbí ni! Ẹ̀yà kékeré kan ló kọ́kọ́ ń jẹ́ Hélénì, kó tó di orúkọ gbogbo wọn. Àwọn ará Róòmù ló sọ wọ́n ní Gíríìkì, wọn ò sì bínú.

Èmi náà ò bínú. Màmá àgbà Gíríìkì tí wọ́n gbà mí pé kí n máa tọ́jú, tí mò ń wẹ̀ fún, ń pè mí ní Màríà, torí ẹnu wọn ò lè pe Òkìkíọlá. Mo tiẹ̀ ti sanra. Ọ̀rọ̀ yunifásítì tí mo torí ẹ̀ wá síbí yẹn ṣì ń bọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màámi. Bí ẹ bá pè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn.

Òkìkíọlá yín.