Sálúbàtà Orí Ìlà ní Soje

Ojúlé Kẹrìnlá,
Keteren Gwari,
Minna,
Ìpínlẹ̀ Niger.
Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Karùn-ún, 2026.

Oyèbọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o rí oorun sùn? Mo nírètí pé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti ń fúyẹ́. Ní tiwa, a dúpẹ́, a ṣọdún Iléyá láyọ̀, ara gbogbo wa sì le. Ẹran tí o ní kí n fi pamọ́ fún ọ ti wà nínú ikùn mi. Ìwọ lo ò tètè wá.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn sí i, àfi ibì kan. O ní o kò ní jáde lọ síbi ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ yín ní Sátidé tó ń bọ̀, níbi tí ẹ ó ti mú ẹni tí yóò dupò ààrẹ, nítorí pé rédíò ti ní Sẹ́nétọ̀ ti gbé e lọ. Wọ́n ní Màmá Margaret tí o fẹ́ràn, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ní ju mọ́tò kan àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan lọ, kàn ń dára rẹ̀ láàmú ni. Oyèbọ́lá, èmi tí mò ń kọ̀wé yìí wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò. Jókòó kí n ròyìn bó ṣe jẹ́ fún ọ.

Sátidé tó kọjá ni ìpínlẹ̀ tiwa dìbò tirẹ̀. Ọ̀gá Ayọ̀, olóòtú ìròyìn wa, rán mi lọ sí pápá ilé ìwé kan ní Soje. Wọ́n gbé àwòrán olùdíje kọ̀ọ̀kan kọ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á ka orí. Aago mẹ́wàá ni mo débẹ̀, oòrùn sì ti mú janjan. Ara igi máńgòrò ni wọ́n kọ́ àwòrán Sẹ́nétọ̀ mọ́, èrò sì kún abẹ́ rẹ̀ fọ́fọ́. Ti Màmá Margaret wà lára òpó góòlù, láàárín oòrùn. Ènìyàn mọ́kànlá péré ni mo kà níbẹ̀. Kí ni mo tún ń wá? Ó ti tó oṣù méjì tí gbogbo oníròyìn ti ń kọ orin kan náà, etí mi sì ti kún. Mo pe ilé iṣẹ́, wọ́n gbé mi sórí afẹ́fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe ní Soje. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá náà fi gbé e. Orí mi wú, n kò ní purọ́ fún ọ.

Mo wá ń lọ ra omi tútù nígbà tí ẹsẹ̀ mi gbá búta àlùwàlá kan, omi inú rẹ̀ dànù. Ni ìyá àgbà kan bá pariwo láti abẹ́ máńgòrò:

"Kai, malama! Ààyè mi lo tú yẹn o!"

Mo wolẹ̀. Lẹ́yìn búta yẹn, sálúbàtà ni, òkúta ni, fìlà tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, gbogbo wọn tò tẹ̀lé ara wọn láti ìdí òpó góòlù títí kan ògiri. Mo bi ìyá náà, Ìyá Hafsoh ni wọ́n ń pè é, pé ṣé kì í ṣe Sẹ́nétọ̀ ni àwọn tó wà lábẹ́ igi ń ṣe ni.

"Haba! Ìbòòji la wá jókòó sí, a ò jókòó ti Sẹ́nétọ̀. Margaret ni tiwa mana."

Ojú tì mí. Èmi àti ìwọ tí a dàgbà sídìí ẹ̀rọ omi Keteren Gwari! Ta ló kọ́ mi láti fi sálúbàtà gbààyè kí n lọ ṣeré súwè? Ìwọ ni. Ta ló máa ń jà bí ẹnì kan bá gbé bàtà rẹ̀ kúrò? Ìwọ náà ni. Ọmọ Minna wo ló ń ka ìlà láì ka bàtà?

Ibi tí mo ti ń ronú ni fóònù mi ti dún. Alfa Àbdùlgàfárù ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní Tayi Village, èyí tí o máa ń pè ní Alfa Ológbò. Ìdí ìlà Màmá Margaret níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí. "Rodiyah, a ti gbọ́ ọ. Tó bá ti parí ní Soje, kí ni mo tún ń jókòó dè níbí? To, mo ti ń lọ sílé." Wọ́n ní àwọn mìíràn náà ti ń dìde.

Mo pe Ọ̀gá Ayọ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní gbogbo ayé ti gbé e, ṣé àwa nìkan la ó wá jáde sọ pé a ṣì í? Wọ́n ní bí mo bá sọ ilé iṣẹ́ di yẹ̀yẹ́, kí n má padà wá. O sì mọ bí mo ṣe wá iṣẹ́ yìí pẹ́ tó. Síbẹ̀, mo tọrọ ìṣẹ́jú kan péré. Ọ̀gá Ayọ̀ ní:

"Ìṣẹ́jú kan. Tó bá lé, mo máa gé e."

N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ń borí. Mo ní èmi Rodiyah ṣì í, pé ìbòòji ni mo kà, n kò ka ènìyàn, pé wọn kò tíì ka orí ẹnì kankan ní Soje. Mo dárúkọ àwọn nǹkan tí mo rí lórí ìlà, láti orí búta dé orí fìlà. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún un sọ ní Hausa.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n fọn fèrè, abẹ́ máńgòrò sì tú yáà. Kálukú lọ wọ bàtà rẹ̀. Ìyá Hafsoh gbá búta rẹ̀ mọ́yà, ó dúró gbọn-in. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n kà fún Màmá Margaret, ọgọ́jọ ó lé mẹ́ta fún Sẹ́nétọ̀.

Ní Tayi Village, Alfa ti ń sún mọ́ ilé kí wọ́n tó gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Ìbínú ti mú kí wọ́n gbàgbé sálúbàtà wọn sórí ìlà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń rìn. Wọ́n padà, wọ́n sì bá a níbi tí wọ́n fi í sí gẹ́lẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn kò gbé e kúrò. Síbẹ̀, Sẹ́nétọ̀ fi ìbò mẹ́sàn-án borí níbẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi kò lọ ju wákàtí kan lọ, n kò sì mọ iye ẹni tó ti bá a lọ sílé. Ó ń dùn mí di òní.

Ní àpapọ̀ ìpínlẹ̀ wa, Sẹ́nétọ̀ ló ṣe ipò kìíní, ṣùgbọ́n Màmá Margaret ló tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí. Àwọn oníròyìn ti yí orin padà báyìí, wọ́n ní màmá ni ọjà rẹ̀ ń tà. Má gba ìyẹn náà gbọ́. Iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi o. Ọ̀gá Ayọ̀ kò yìn mí, ṣùgbọ́n wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá ìròyìn: "Ṣé o ka bàtà?" Inú mi ń dùn nígbàkígbà tí mo bá rí i.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá Ìbejì. Ìyá mi ń kí ọ gan-an, Alfa sì ní kí n sọ fún ọ pé ológbò àwọn ti bí mẹ́rin. Junaid awakọ̀ ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó lè tètè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́.

N kò ní kí o tẹ̀lé ẹnì kan. Ṣáà lọ. Bí oòrùn bá mú, tí rédíò sì ń pariwo pé ó ti parí, bọ́ sálúbàtà rẹ sórí ìlà kí o lọ jókòó síbi ìbòòji. Bí wọ́n bá fọn fèrè, padà wá wọ̀ ọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí o kọ́ bí a ṣe ń gbààyè,
Rodiyah.