Ohun Tí Ayùn Máa Jẹ

Olówó orí mi,

Kí ẹ tó gbé àpótí iṣẹ́ yín jáde, ẹ ka èyí. Tíṣà pè mí lórí ìṣirò tí a bá ọmọ wa ṣe lánàá. Wọ́n ní ta ló sọ pé pákó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, tí a bá gé e sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ní pé mẹ́ta. Mo ní ẹ̀yin ni, pé káfíńtà gbọ́dọ̀ yọ ohun tí ayùn máa jẹ. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bi mí ta ló fi ínṣì méjì kún aṣọ ìbéèrè kejì, nítorí etí rírán. Télọ̀ kan ṣoṣo ló kúkú wà nílé yìí.

Èyí tí ọmọ kọ́kọ́ kọ, tí a jọ ní kó pa rẹ́, òun gan-an ni tíṣà ń wá.

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ yín gba fóònù lọ́wọ́ tíṣà, ó ní ká má bínú: iṣẹ́ àmúrelé òun, ilé ìwé lòun á ti máa ṣe é tán.