Omi Oyin Tí Ìyá Mu

Atakpamé, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, 1938

Dókítà ní ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ Ìyá. Bó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ ni, Lomé ni a ó gbé e lọ, torí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò jiná.

Ó bi mí ní Faransé bóyá Ìyá jẹun láàárọ̀. Mo ní rárá.

Ìyá dorí kodò nígbà tí mo sọ ìbéèrè náà fún un. "Mo mu omi oyin, ọmọ mi, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà tán bí wọ́n bá fà á."

Dókítà ò bínú nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní bóyá oyin náà ló fà á; ká padà wá lọ́la, kí Ìyá má fi nǹkan kan ẹnu.

Ìyá ti lọ sùn láìjẹun. Kó tó wọlé ló bi mí pé, "Bí kì í bá ṣe oyin ńkọ́?"