Dókítà Ràsáàkì Àkànó Ládòkun (1931–1988), Ẹni Tó Kọ Òótọ́ Nípa Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀

Ní ọdún 1931, lásìkò tí wọ́n ń wa iṣu tuntun, ni a bí Bàbá wa ní Ìwéré-Ilé. Ọdẹ́bùnmi Ládòkun, ọdẹ àti àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá tó bí wọn. Àwáwù, tó ń ta òrí, ni ìyá wọn. Ilé ọdẹ ni wọ́n dàgbà sí. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀dọ̀ ìgalà ni àwọn kọ́kọ́ yẹ̀ wò láyé yìí, kí àwọn tó mọ a, b, d.

Wọ́n ké kéú lọ́dọ̀ ààfáà ìyá wọn, wọ́n sì wọ ilé ìwé ní 1938. Wọ́n ṣe olùkọ́ ní Ìsẹ́yìn fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní òkè òkun ní 1954. Ní 1965 ni wọ́n padà dé gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ìyá wa, Àdìjátù, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ka ìkọ̀wé wọn. Ìyá wa náà ló fi táípúráítà tẹ gbogbo ohun tí Bàbá kọ.

Ní 1972, ẹ̀gbọ́n wọn, Ògúnbùnmi, wá bá wọn ní ilé ìwòsàn ní Ìbàdàn pẹ̀lú ikùn wíwú. Nígbà tí Bàbá la ikùn náà, jẹjẹrẹ ti gba ẹ̀dọ̀ tán. Kò sí ohun tí abẹ lè ṣe mọ́, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ rán ojú ọgbẹ́ náà pa. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn jí, ìbéèrè wọn ni pé, “Ràsáàkì, ṣé o ti gé e?”

Bàbá ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́ jù kí ẹ tó wá.”

Ẹ̀gbọ́n wọn ní, “Ta ló yẹ kó ti sọ fún mi pé kí n tètè wá?”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni a sin Ògúnbùnmi.

Láti 1973, gbogbo ìsinmi Bàbá ni wọ́n fi ń gun alùpùpù lọ sí Ṣakí, Ìgbòho àti Ìwéré-Ilé. Wọ́n ń yẹ àká wò, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n rí i pé níbi tí àgbàdo àti ẹ̀pà ti ń bu jù ni àrùn náà ti wọ́pọ̀ jù. Láti ìgbà náà, Bàbá kò jẹ ẹ̀pà kan láìlà á sí méjì wò, ìbáà jẹ́ níbi ìgbéyàwó. Ojú a sì máa ti àwa ọmọ.

Nígbà tí wọ́n kó èsì jọ ní 1977, ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún; mọ́kànléláàádọ́ta ti kú. Àgbà oníṣẹ́ abẹ kan gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n yọ àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó wá kúrò, kí iṣẹ́ náà lè dùn ún wò. Bàbá dáhùn pé, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Bí mo bá yọ wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ni mo yọ yẹn.” Ìwé ìròyìn méjì tí àwọn dókítà ń tẹ ìwádìí sí dá iṣẹ́ náà padà, ẹ̀kẹta tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979. Bàbá wá fi Yorùbá kọ kókó rẹ̀ sójú ewé kan, wọ́n pín in fún àwọn lèmọ́mù àti olórí ọdẹ: ẹ sá àgbàdo kó gbẹ, ẹ da èyí tó bá bu nù, bí funfun ojú bá sì dà bí pupa ẹyin, ẹ má jókòó sílé.

Ní 1981, Alàgbà Jẹ́ẹ́dé, àgbẹ̀ ní Ìgbòho, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì gbéra lọ bá Bàbá lọ́jọ́ kejì. Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀: ẹran kékeré tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tó ń ṣe omi tí oúnjẹ fi ń dà, ló mú. Bàbá kí ìrun òpó méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n sì dúró ní yàrá iṣẹ́ abẹ fún wákàtí mẹ́jọ. Alàgbà Jẹ́ẹ́dé yè é. Nígbà tí iṣẹ́ kejì jáde ní 1984, lórí ènìyàn mọ́kàndínlógún tó ní irú jẹjẹrẹ yìí, Alàgbà Jẹ́ẹ́dé ní kí Bàbá ka èyí tó kan àwọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Èmi ni nọ́ńbà kọkànlá? Dókítà, ẹ fi kún un pé mo kọ ẹgbẹ̀rún ebè lọ́dún yìí.” Wọ́n wà láàárín wa níbi àdúrà yìí lónìí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú Bàbá lọ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 1988, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Wọ́n fi ìyàwó wọn Àdìjátù sílẹ̀, àti Fàtímọ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, Mùstàfá tó jẹ́ olùkọ́ ní Ṣakí, Dúróríkẹ́ tó wà ní Ìsẹ́yìn, ọmọ-ọmọ kan, àti ọ̀pọ̀ ẹbí.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ni lẹ́tà dé pé wọn yóò tẹ iṣẹ́ kẹta tí Bàbá fi ránṣẹ́, lórí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, jáde. Nínú àwọn mẹ́rìnlélógún tó tètè wá, mẹ́tàlá ló ṣì ń mí lẹ́yìn ọdún méjì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí alààyè pọ̀ ju òkú lọ nínú ìwé wọn.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ ibùsùn yín ní pẹ̀lẹ́, kí Ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn Alùjánnà máa fẹ́ sí yín lára. Ẹ sùn re, Àkànó, ọmọ Ládòkun.