Ìró Bàtà Tí Mo Pè Ní Ìyàwó

Ilé Àláájì Làtíìfù Àjíṣafẹ́,
Abúlé Ìdí-Àràbà, ọ̀nà Ìmẹ̀kọ.

Habeebu ọmọ mi, Àlàmú ọkọ mi,

Àsàlámù àlékùn o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Peckham kò mú ọ jù, ṣé ò ń jẹun lásìkò, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́hun tó mú ọ gun bàálù lọ ni yóò mú ọ padà wálé nínú ayọ̀. O ò ní fi ẹsẹ̀ kọ, ilẹ̀ onílẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àgàgà pẹ̀lú irú bàtà tí ò ń wọ̀ báyìí. Àmín.

Àwa náà ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, àgbò tí bàbá rẹ so mọ́lẹ̀ de Iléyá sì ti sanra débi pé kì í dìde fún àlejò mọ́. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé o ò gbé fóònù mi mọ́, lẹ́tà kò sì ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Àmírà ọmọ aládùúgbò wa, tó wá kí wọn nílé tó sì ń padà sí Lewisham, ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Sherifat ọmọ àbúrò mi tó wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú rẹ ti ro gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó ní o kì í lọ kírun Jímọ̀ mọ́ ní mọ́sáláṣí yín nítorí ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò ọ́, ó ní o sì ti búra pé o ò ní wálé Iléyá, nítorí o gbọ́ pé bàbá rẹ ní àwọn ò fẹ́ rí ọ nínú ilé àwọn. Òótọ́ ni, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Jókòó kà á tán o, má kà á lórí ìrìn.

Ṣé o rántí pé nínú ààwẹ̀ tó kọjá, gbogbo ìgbà tí o bá pè mí ni mo máa ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́yìn rẹ? Mo mọ ohun tí etí mi gbọ́. Bàtà obìnrin ni, èyí tó ga gogoro, ó ń rìn lórí pákó, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mo bi ọ́ pé ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ, o ní kò sẹ́nì kankan Màámi, ohùn rẹ sì rẹlẹ̀ bí ìgbà tí o wà ní kékeré tí o bá mú ẹran nínú ọbẹ̀. Mi ò béèrè mọ́, kí ojú má baà ti ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n mò ń fetí sílẹ̀. Mo rí i pé tí o bá ń rẹ́rìn-ín, bàtà náà á sáré, tí o bá dákẹ́, òun náà á dúró. Mo ní ọmọbìnrin yìí fẹ́ràn ọmọ mi o! Gbogbo ohun tí ọmọ mi bá ṣe ni òun náà ń bá a ṣe. Níbo lèèyàn ti ń rí irú ẹ̀ láyé òde òní?

Mo wá fi ọgbọ́n bi Sherifat léèrè. Ó ní òun ò mọ̀, ṣùgbọ́n ìyá òyìnbó tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ rẹ nínú ilé ìjọba tí ẹ jọ ń gbé yẹn ti ń ráhùn pé kí ìyàwó ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè máa bọ́ bàtà nírọ̀lẹ́. Habeebu, inú mi dùn, mo jó. Tí òyìnbó tí kò bá wa tan bá ti jẹ́rìí sí i, ṣé ó tún kù síbì kan? Mo sọ fún bàbá rẹ. Bàbá rẹ náà kò sì mú un mọ́ra, wọ́n dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n kéde fún gbogbo jàmáà pé Habeebu ti ń mú ìyàwó bọ̀ wálé ní Iléyá. Àlùfáà Yaqub ṣe àdúrà gígùn. Èmi fi àdìrẹ mi tó dára jù, èyí tó ní àwòrán ẹyẹ, ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Ìwọ gbà á, o ní ẹ ṣeun Màámi, ó máa wúlò. Ó wúlò lóòótọ́.

Sherifat fi fídíò sórí fóònù mi ní ọjọ́ Àìkú, ó ní ìdíje orin tí gbogbo orílẹ̀-èdè àwọn òyìnbó ń bá ara wọn ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dọọdún ni, ó ní kí n wò ó dáadáa kí n má pariwo. Mo kọ́kọ́ wé gèlè, nítorí mo rí i pé èrò pọ̀ níbẹ̀, ojú wọn sì kọ sọ́dọ̀ mi. Mo kí wọn. Wọn ò dáhùn, ariwo ló pọ̀ jù. Bàbá rẹ ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwa méjèèjì jọ ń wò ó. Èéfín kọ́kọ́ yọ láti ilẹ̀, mo ní iná ń jó wọn o, kò sẹ́ni tó sáré. Atẹ́gùn wá ń fẹ́ aṣọ gbogbo wọn sẹ́yìn. Bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n máa ti fèrèsé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ ló ń fa ikọ́.

Ọkùnrin kan jáde, Sherifat ní Asher ni wọ́n ń pè é, òun ló ń kọrin fún ìlú tí ẹ wà. Bàtà gogoro ló wọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń jó lẹ́yìn rẹ̀ náà, bàtà gogoro ni gbogbo wọn wọ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ìdí ṣíbí. Mo káàánú wọn, mo ní bóyá omi ló wà nílẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó ń ya fídíò wá sún mọ́ bàtà ẹnì kan. Ó ya bàtà náà, ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí, mo rí àdìrẹ mi! Àwòrán ẹyẹ náà nìyí, wọ́n so ó mọ́ ọkùnrin nídìí lórí ṣòkòtò. Mo ní olè ti wọ ilé ọmọ mi, ó ti kó ẹrù ìyàwó. Ó tún gòkè sí i, ó dé ojú. Ojú rẹ ni, Habeebu. Kọ́-kọ́-kọ́ náà sì ń dún. Ìyàwó tí mo ti ń gbàdúrà fún láti ìgbà ààwẹ̀, ìwọ ni.

Bàbá rẹ fọ ọwọ́ wọn nígbà tí oúnjẹ ò tíì tán. Wọ́n lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ mi pé kó má wá sílé àwọn ní Iléyá. Ọmọ mi ni wọ́n pè ọ́, wọn ò pe orúkọ rẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà lọ sí mọ́sáláṣí báyìí, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn lọ́nà á ní Àláájì, ìyàwó ńkọ́? Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo sunkún nínú ilé ìdáná, mo ní òrùlé ló ń jò.

Àlùfáà Yaqub gbọ́, wọ́n wá gbà wá nímọ̀ràn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn rí fídíò náà kí àwọn má baà sọ ohun tí àwọn ò mọ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní bàtà yìí ò dára rárá. Mo ní mo gbọ́ sà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ṣòkòtò. Ìwọ náà mọ̀ pé gbogbo wáàsí Àlùfáà ni pé kí ṣòkòtò ọkùnrin má ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, wọn kì í sì í rí ẹni tó ń tẹ̀ lé e, tó fi mọ́ àwọn ọmọ tiwọn. Ṣòkòtò rẹ kò dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n fa fóònù náà mọ́ra, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní hẹ̀n-ẹ́n, nínú gbogbo abúlé yìí, ọmọ yìí nìkan ló gbọ́ràn sí àwọn lẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ wọn, wọ́n lọ.

Mo wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ara mi balẹ̀. Mo wò ó dópin, títí kan ibi tí wọ́n ti ń fún ara wọn ní máàkì, orílẹ̀-èdè tó bá múlé ti ara wọn á fún ara wọn bí àna ṣe ń ṣe. Orílẹ̀-èdè kan wà tí kò tilẹ̀ fún yín ní nǹkan kan. Kí lẹ fi ṣe é? Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n ya ìyá àgbà òyìnbó kan tó jókòó níwájú, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tó ń pàtẹ́wọ́ fún yín. Mo lu àyà, mo ní ọ̀rọ̀ ti yé mi! Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni! Àwọn òyìnbó náà ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa! Àwọn ọkùnrin ló wọ nǹkan obìnrin, wọ́n ń jó fún àwọn ìyá kí ìlú lè tòrò. Ó kàn jẹ́ pé wọn ò ní gbẹ́nàgbẹ́nà tó lè gbẹ́ igi tí wọn yóò gbé sórí, wọn ò sì ní irin tó ń dún tí à ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ni wọ́n ṣe ń fi bàtà dún kọ́-kọ́-kọ́. Àwọn náà ń gbìyànjú.

Mo lọ bá bàbá rẹ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n ní kì í ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, wọ́n ní ìlú wo ni ó ń jó fún? Mo ní ó dáa. Mo ní ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ Mẹ́kà tí wọ́n fi pa ijó tì, aṣọ ta ni wọ́n máa ń ró lọ́sàn-án Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Mo ní èmi ni mo máa ń yá wọn, àdìrẹ ẹlẹ́yẹ náà ni, òun náà ni wọ́n ró níjọ́ tí wọ́n jó kẹ́yìn, ìwọ sì wà lẹ́yìn mi, ò ń yọjú wò wọ́n lórí èjìká mi, o ò jẹ́ kí n rójú pàtẹ́wọ́. Omi kún inú kẹ́tùlù tí wọ́n gbé dání, wọn ò rántí lò ó.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n gbé fóònù náà wá, kí àwọn fi dá ara àwọn lójú pé ìwọ ni. Wọ́n wò ó. Wọ́n tún wò ó. Nígbà tó dé ibi tí o ti fi ẹsẹ̀ kan yípo tí o wá dúró gbọnin pẹ̀lú ìlù, wọ́n ní ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní ìdúró àwọn nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn tó ń dúró bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìmẹ̀kọ. Wọ́n wá ní kí n sọ fún Habeebu pé ó ń wo ilẹ̀ nígbà tó ń jó, kó gbójú sókè kó wo àwọn ìyá. Orúkọ rẹ ni wọ́n pè yẹn, mi ò fi kún un. Wọ́n bọ́ sí àgbàlá, wọ́n fi ẹsẹ̀ hàn mí bó ṣe yẹ kó rí, pẹ̀lú jàlàbíà lọ́rùn, ewúrẹ́ sá lọ, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nítorí náà máa lọ kírun Jímọ̀ rẹ, ẹnikẹ́ni tó bá wò ọ́, kí i. Kó àdìrẹ mi wálé, má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Rántí owó páànù ilé ìdáná o, ohun tó bá rọrùn fún ọ ni kí o fi ránṣẹ́. Ra ẹ̀kọ tàbí bisikíìtì fún ìyá òyìnbó ìsàlẹ̀ rẹ, ìyá ni òun náà. Ọlọ́hun yóò gbé ẹni tí yóò bá ọ jó dìde fún ọ, èyí tí màá rí pẹ̀lú ojú mi, torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé etí mọ́. Wàá dàgbà, wàá dògbó, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀ lórí bàtà.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Ìyá Habeebu.

Mo ti di àpòòwé yìí tán o, mo tún ní láti já a. Bàbá rẹ ló dé tí wọ́n béèrè bóyá wọ́n ń ṣe bàtà náà ní ti àgbàlagbà. Wọ́n ní àwọn ò ní wọ̀ ọ́ jáde, àwọn kàn fẹ́ mọ bó ṣe ga tó. Ìwé tí mo ká sínú èyí, ẹsẹ̀ wọn ni mo fi bírò yí ká lórí rẹ̀, mi ò bẹ̀ wọ́n, àwọn fúnra wọn ni wọ́n bọ́ sálúbàtà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e. Wọ́n ní tí o bá rà á, o ò gbọdọ̀ fi rán Àmírà, o ò gbọdọ̀ fi rán Sherifat, ọwọ́ rẹ ni àwọn ti fẹ́ gbà á, ní àárọ̀ Iléyá.