Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tí Mo Lẹ Òwú Mọ́

Ìbà, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Ajé.

Fàwáz, ọmọ mi àtàtà,

Kí ìwé yìí bá ìwọ àti Bùsáyọ̀ aya rẹ nínú ìlera, kó sì bá àwọn ọmọ nídìí oúnjẹ, kì í ṣe lórí ibùsùn àìsàn. Ara èmi ìyá rẹ le koko, Alhamdulilahi. Mo mọ̀ pé Ìlọrin ti gbóná báyìí. Ẹ máa mu omi dáadáa.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Nígbà tí o wá kẹ́yìn, o rí bí pikọ́ọ̀pù mi ṣe ń hó kí n tó gbé fíríìjì kan ṣoṣo láti Àlàbá dé Ìbà Housing Estate. A ti pààrọ̀ rédíétọ̀, fáànù ń yí, ó ṣì ń hó. O ní, "Màámi, mọ́tò yìí ti gbó, ẹ̀yin náà ti dàgbà. Ẹ tà á, kí ẹ wá jókòó tì wá." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé ọkàn. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń fi mọ́tò yìí kó ẹrù. Òun ló rán ọ níwèé. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ máa jí ṣe?

Bí o ṣe lọ, mo gba ọ̀dọ̀ Joseph lọ, panẹ́ẹ̀lì bítà wa ní Okokomaiko. Mo ní tí ọbẹ̀ bá ń hó, ọmọrí là ń ṣí. Kó la bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ooru rí ọ̀nà jáde. Ó la ihò mélòó kan sí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá gíláàsì iwájú, mo sì pàṣẹ pé kí ẹnu wọn kọjú síwájú kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀: àṣìṣe mi ni. Atẹ́gùn tó ń wọlé kò jẹ́ kí ooru jáde. Òjò àkọ́kọ́ tó sì rọ̀, omi dà sórí pílọ́ọ̀gì, mọ́tò kú sójú títì tòun tẹrù. Bí o ṣe gbọ́ ni o bá mi wá oníbàárà, o ní Bánkọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ ń bọ̀ ní Sátidé láti wá rà á.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo rí òwú kan tó há sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe ń wakọ̀, ó ń jó síwá sẹ́yìn. Mo ní, àbí òwú lè fi ọ̀nà atẹ́gùn hàn mí? Télọ̀ ṣáà ni mí kí n tó di awakọ̀. Mo gé òwú funfun ogójì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì wa mọ́tò gba ojú títì Ìbà. Àwọn èèyàn ń yà fún mi! Ìyá ìjọ aláṣọ funfun kan pariwo pé, "Jésù! Ìyá yìí ti gbé oògùn jáde o!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára òwú. Àwọn tó wà lẹ́bàá gíláàsì ń pòòyì. Àwọn tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ nà gbọọrọ sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti lè fa ooru jáde.

Joseph dí àwọn ihò àkọ́kọ́, ó la mẹ́fà mìíràn sẹ́yìn rédíétọ̀, ó kọ ojú ẹnu wọn sí gíláàsì, ó sì tẹ́ páànù pẹlẹbẹ sábẹ́ wọn nítorí òjò.

Nígbà tí Bánkọ́lé dé, mo ní kó jókòó tì mí. Fíríìjì méjì la gbé, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ọwọ́ gééjì tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì kò kúrò láàárín títí a fi dé Estate. Ó sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ sókè àwọn ihò náà, ooru ń tú jáde. Ó ní, "Màmá, ẹ má tà á o. Ta ló ronú eléyìí?" Mo gbá àyà mi, mo ní, "Èmi ni!"

Mi ò bínú sí ọ, ọmọ mi. Ìfẹ́ ló jẹ́ kí o fẹ́ kí n sinmi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí, èmi fúnra mi ni màá sọ fún ọ, kì í ṣe mọ́tò.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé yín tù yín lára. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í bàjẹ́, àwọn ọmọ rẹ á sì fi ọ́ yangàn bí mo ṣe ń fi ọ́ yangàn.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ṣì ń wakọ̀,
Kùdírátù.

Àfikún: Awakọ̀ mẹ́ta ti lọ bá Joseph pé kó la irú ihò náà fún àwọn. Ó bi mí pé kí ni kí òun máa pè é, mo ní kó máa pè é ní Ìyá Fàwáz. Tí o bá dé Okokomaiko, tí o gbọ́ orúkọ rẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, má dáhùn. Èmi ni wọ́n ń pè.