Táìsì Aláwọ̀ Epo Tí Mo Fi Borí Gbogbo Yín

Mọ̀dínátù ọmọ mi,

Báwo ni Àbújá? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí, àárẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ilé yín. Tí o bá bi mí, ara mi le. Eékún ọ̀tún ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi. Agnes, ayálégbé wa tó wà ní yàrá iwájú, èyí tó máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà, òun ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kí ó kọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, kí ó má bá mi fi ṣúgà sí i. N kò lo fóònù nítorí pé lórí fóònù ìwọ lo máa ń sọ̀rọ̀, káàdì á sì ti tán kí ó tó kàn mí. Lẹ́tà kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi.

Ní ti ilé, òjò ti ba ọ̀nà Egan jẹ́ débi pé mo bi ọlọ́kadà tó gbé mi lọ́jọ́ Jímọ̀ bóyá ọ̀kadà ló ń wà àbí ọkọ̀ ojú omi. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì. Ó kù díẹ̀ kí ọkùnrin tó ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa kọ́ fẹ́ǹsì rẹ̀ sínú yàrá mi, a ti parí ìyẹn. Ohun tí mo torí rẹ̀ pe Agnes ni pé ilé ìdáná ti parí, èmi ni mo sì borí.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú, n kò dáná níbẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, mò ń jẹun níta bí aláàárù. Ìwọ náà ní bí wọn kò bá tún un ṣe kí Iléyá tó dé, o máa wá gbé mi lọ sí Àbújá. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní Àbújá? Ìyá rẹ wà lẹ́yìnkùlé níbí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ebi òde ti sú mi. Mo ní ó dára, kí Nùrẹ́nì tó ń lẹ táìsì ní Ìgàndó máa bọ̀.

Nùrẹ́nì dé, ó ní o ti fi táìsì ránṣẹ́. Mo jáde síta láti gbà á lọ́wọ́ awakọ̀, n kò rí ọkọ̀ kankan. Ó fa fóònù yọ, ó ní inú rẹ̀ ló wà. Mo wò ó, táìsì funfun báláú, kò ju èékánná lọ. Mo ní bó bá jẹ́ pé bó ṣe mọ nìyẹn, kí ó tó lẹ ògiri yẹn tán irùngbọ̀n rẹ̀ á ti hu ewú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojúlówó rẹ̀ tóbi ju báyẹn lọ. Mo gba fóònù, mo gbé e ti ògiri kí n lè mọ bí yóò ṣe rí. Níbi tí mo ti ń wò ó ni táìsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ṣú, ó ṣú, ó dúdú kirikiri. Mo pe Nùrẹ́nì pé kí ó wá wo nǹkan. Ó fọwọ́ kàn án, ó tún funfun. Kò pẹ́ ó tún dákú. Nùrẹ́nì ní iná fóònù ló ń relẹ̀. Mo ní èwo ló kàn mí nípa iná, táìsì tí èèyàn gbọ́dọ̀ máa gbá létí kí ó tó lè funfun, ta ni yóò máa gbá a bí mo bá sùn? Ó họ orí, ó ti fóònù bọ àpò.

O wá pè, o ní funfun ló mọ́, pé gbogbo ìdọ̀tí ni èèyàn á máa rí lára rẹ̀. Mo ní ta ló fẹ́ máa rí ìdọ̀tí? O ní olóríkunkun ni mí. Agnes náà dá sí i, ó ní funfun ni àwọ̀ ọ̀run. Mo ní kí ọ̀run dúró sókè níbi tó wà, kí ó má wá bá wa nídìí sítóòfù.

Mo bá dìde fúnra mi, ó di Ìkòtún. Kí n tó lọ, mo ní kí Nùrẹ́nì gé díẹ̀ fún mi lára ògiri ìyá rẹ, níbi tí epo máa ń ta sí nígbà tó bá ń dín nǹkan. Mo wé e sínú náílọ́ọ̀nù, mo fi sápò.

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù táìsì kan, ilé ìdáná tó dára ni mo bá. Mo bọ́ bàtà, mo kí onílé, ẹnì kankan kò dáhùn. Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ, kò sí omi. Mo ṣí ìkòkò, ó ṣófo. Àánú wọn ṣe mí. Nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn tajà, tó ń jẹ́ Ọláwùmí, yọ sí mi, mo ní ọmọ mi, bí ebi bá ń pa ilé yìí, ẹ má tijú, mo ní búrẹ́dì lọ́wọ́. Ó ní Bàbá, ẹnì kankan kò gbé ibí, wíwò lásán ni. Mo bojú wẹ̀yìn, ilé ìdáná tò lọ rẹrẹ, kò sí iná nínú ọ̀kankan. Mo ní à á, èmi nìkan kọ́ ni mo ti ilé ìdáná pa ní Èkó nígbà náà.

Mo mú ègé ògiri jáde. Ọláwùmí fà sẹ́yìn, ó ní Bàbá, ìdọ̀tí nìyí. Mo ní ìdọ̀tí kọ́, ọbẹ̀ ni. Láti ìgbà tí Ayọ̀bọ̀ ti jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ni ìyàwó mi ti ń dín nǹkan sí ògiri yìí. Ó pọ́n, ó sì dúdú, bí epo tó sùn mọ́jú nínú agbada. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ti táìsì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wọn jáde tòun ti táì lọ́rùn, ó ní funfun ni àwọn èèyàn ńlá ń rà báyìí. Mo ní ara mi yá, n kò ṣàìsàn. Kò yé e.

Ó lè má yé ìwọ náà, nítorí náà n ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má tún bi mí mọ́. Ògiri tó wà níbi orí ìyá rẹ ní ọsibítù, táìsì funfun ni. Ìwọ ń sáré kiri òògùn, o kò ráyè wò ó. Èmi ni mo jókòó kọjú sí i. Láràárọ̀ ni obìnrin kan ń wá nù ún títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá nu ojú ìyá rẹ, èmi ni mo ń nù ún. Lọ́jọ́ tó lọ, ògiri yẹn ń dán. N kò lè jẹ ẹ̀wà níwájú ògiri yẹn. Agnes dáwọ́ ìwé kíkọ dúró níbí, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní kí ó máa kọ ọ́ lọ jàre.

Mo wá rí táìsì tí mò ń wá ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, eruku ti bò ó. Mo gbé ègé ògiri lé e, àwọn méjèèjì gbé ara wọn mì. Mo fa ìgò epo tí mo mú láti ilé yọ, mo kán an sí i, a wá epo náà títí, a kò mọ ibi tó wà. Ọ̀gá náà pariwo pé mo ń ba ọjà òun jẹ́. Mo ní kí ó fi ibi tó bàjẹ́ hàn mí. Kò rí i. Ó wá pe iye kan, mo ní ṣé ó ń fi ìyàwó ṣe ènì lé e ni? Ó ní ibi tó parí sí nìyẹn. Mo padà lọ jókòó nínú ilé ìdáná tí kò níná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì mi, mo ní bí ẹnì kankan kò bá gbé ibẹ̀, èmi á gbé e. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń kí mi kú ilé, mò ń dá wọn lóhùn. Ó dín owó rẹ̀ kù kí búrẹ́dì tó tán.

Nùrẹ́nì ti lẹ̀ ẹ́ tán. Òun tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ti wá ń bèèrè ṣọ́ọ̀bù náà fún lándíọ̀dù kan ní Ayọ̀bọ̀. Agnes aláwọ̀ ọ̀run ń wá tọrọ iyọ̀ nígbà mẹ́ta lójúmọ́ kí ó lè wò ó. Ó ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ ná.

Owó ló kù. Fi owó sítóòfù olójú méjì ránṣẹ́, ti Agnes ni mo yá. Fi ti ìkòkò pẹ̀lú, àti ìyókù owó iṣẹ́ Nùrẹ́nì. N kò tọrọ, mò ń sọ fún ọ ni. Bí o bá ń bọ̀ ní Iléyá, má ra oúnjẹ lọ́nà, má sì gbé kúlà kankan wá. Èmi ni yóò se oúnjẹ, ìwọ ni yóò jókòó.

Ọlọ́run yóò fi ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ. Iná ilé rẹ kò ní kú. Ibi tí o bá kọjú sí, kò ní dí mọ́ ọ. Ó tó báyìí, mo gbọ́dọ̀ dìde. Ẹ̀wà ń bẹ lórí iná, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá mi rò ó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlàkọ́.